Ibi tó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwé Tomi Adeyemi, àti bí ẹ ṣe máa kà á dópin

Ìwé mẹ́ta péré ni Tomi Adeyemi kọ nípa Orïsha, ilẹ̀ àròsọ kan, nítorí náà iṣẹ́ ò pọ̀ jù fún ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n tán. Síbẹ̀, mo ti rí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó pa ìwé àkọ́kọ́ dé kí wọ́n tó dé ìdá mẹ́rin rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ò le rárá. Ohun tó ń dá wọn dúró ni pé wọ́n ti mọ àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Wọ́n mọ Ìbàdàn, wọ́n mọ Ìlọrin, wọ́n mọ Ṣàngó àti Ọya. Bí wọ́n bá wá kà á pé orí òkun ni Ìlọrin wà, pé apẹja ni wọ́n níbẹ̀, wọ́n á ní òǹkọ̀wé yìí ò mọ nǹkan kan, wọ́n á gbé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó máa ń dùn mí, torí pé nínú gbogbo èèyàn tó ń ka ìwé yìí káàkiri ayé, àwa tá a gbọ́ Yorùbá ló yẹ ká jẹ adùn rẹ̀ jù. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe ò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ gbé ohun tí ẹ mọ̀ sílẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ojú ìwé àkọ́kọ́, kí ìtàn náà lè fìdí múlẹ̀ lọ́kàn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e padà, ẹ ó sì rí ohun tí ẹlòmíràn ò lè rí níbẹ̀. Bí ẹ ṣe máa ṣe é ni mo fẹ́ tò síbí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó kọ ọ́

Ọdún 1993 ni wọ́n bí Adeyemi sí Amẹ́ríkà. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá rẹ̀, wọ́n ṣí lọ sọ́hùn-ún ni, wọn ò sì kọ́ àwọn ọmọ wọn ní èdè ilé. Ó kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Harvard, lẹ́yìn náà ló rí owó ìrànwọ́ gbà láti lọ ṣèwádìí ní Salvador, lórílẹ̀-èdè Brazil. Lọ́jọ́ kan, òjò lé e wọ ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀, ló bá rí àwòrán àwọn òrìṣà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ pé ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́kàn òun.

Ẹ di ìyẹn mú dáadáa. Brazil ló ti bá òrìṣà pàdé, kì í ṣe Òṣogbo, kì í ṣe Ọ̀yọ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó máa rú yín lójú níwájú, ibẹ̀ ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Ohun kejì tó bí ìwé náà ni ikú àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ ọlọ́pàá ní Amẹ́ríkà. Màá padà sórí èyí, torí pé àkókò tí ẹ bá ka ohun tó kọ nípa rẹ̀ ṣe pàtàkì.

Ẹ kà wọ́n bí wọ́n ṣe jáde

Children of Blood and Bone ló ṣáájú, oṣù Kẹta ọdún 2018 ló jáde. Children of Virtue and Vengeance tẹ̀ lé e ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Children of Anguish and Anarchy ló kẹ́yìn, ìyẹn jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2024. Ìtàn kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó dá dúró nínú wọn. Ẹni tó bá ti ìkejì bẹ̀rẹ̀ torí pé òun ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ máa bá àwọn èèyàn lẹ́nu ẹkún, kò sì ní mọ ẹni tó kú fún wọn.

Ẹ má ka ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ìwé kejì àti ìkẹta kí ẹ tó parí èyí tó ṣáájú wọn. Àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé kò lè ta ìwé kejì láìsọ bí àkọ́kọ́ ṣe parí.

Ẹ̀dà tí ẹ máa mú

Fún ìwé àkọ́kọ́, bí ẹ bá lè rí èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé gidi, òun ni kí ẹ mú. Àwòrán ilẹ̀ Orïsha wà níwájú rẹ̀, àkọsílẹ̀ ìdílé mẹ́wàá àwọn maji, ìyẹn àwọn tó ní agbára idán, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti òrìṣà tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ lé. Ẹ ó máa ṣí ojú ìwé wọ̀nyẹn léraléra. Bó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti máa kà á, ẹ ya àwòrán ojú ìwé méjèèjì sí apá kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má bàa máa wá wọn kiri. Ẹ yẹra fún ayédèrú: àwòrán ilẹ̀ náà ló sábà máa ń dúdú jù nínú rẹ̀, àmì ohùn tó wà lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá sì lè ti fò.

Ẹni tí kò ráyè jókòó lè gbọ́ ọ. Bahni Turpin ló ka ìwé àkọ́kọ́ sínú ohùn, wọ́n sì fi ṣe ìwé àfetígbọ́ tó dára jù lọ nínú ẹ̀bùn Audie ti ọdún 2019. Obìnrin yẹn mọ ìtàn í sọ. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìwé gan-an wà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ, torí pé ọfọ̀ wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé ẹnu yín fúnra yín ló yẹ kó pè é.

Ìwé náà nípọn, ó lé ní 500 ojú ìwé. Ẹ má wo ti ìyẹn. Àwọn orí inú rẹ̀ kúrú, wọ́n lé ní ọgọ́rin, èèyàn á sì ka mẹ́rin márùn-ún tán kí oorun tó gbé e lọ.

Ọgọ́rùn-ún ojú ìwé àkọ́kọ́

Inú ahéré Mama Agba ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà yìí ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìjà ọ̀pá ní ìkọ̀kọ̀, ọjọ́ náà sì ni ọjọ́ ìdánwò Zélie, ọmọ tí a máa bá rìn jálẹ̀ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jà, ìjà ọ̀hún sì ti wọra, kó tó di pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba dé. Ọ̀pá wọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń jà lẹ́ẹ̀kan ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ ọwọ́ làwọn ń ṣe. Owó orí làwọn ẹ̀ṣọ́ wá béèrè, wọ́n sì ti tún bù kún un, bẹ́ẹ̀ àwọn tí irun wọn funfun ni wọ́n gbé ẹrù owó náà kà lórí. Gbogbo èèyàn dákẹ́. Zélie nìkan ni ẹnu rẹ̀ ò lè gbà á mọ́ra.

Ẹ ka orí yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kíní fún adùn ìjà, ẹ̀ẹ̀kejì fún ohun tó ń sọ fún yín láìjókòó ṣàlàyé. Irun funfun ni àmì ọmọ tí wọ́n bí mọ́ idán. Idán náà ti kú ní ilẹ̀ yẹn. Ọdún mọ́kànlá ṣáájú ni ọba tó ń jẹ́ Saran pa àwọn maji tó ti dàgbà, ìyá Zélie sì wà lára wọn. Àwọn ọmọ wọn tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń pè ní ìdin ní gbangba ìta, ẹni tí kò bá sì rówó orí san nínú wọn, oko ẹrú ló ń lọ. Bí ẹ bá ti mú nǹkan wọ̀nyí, ẹ ti mú ìpìlẹ̀ ìwé náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìtàn náà á mú eré. Zélie àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Tzain gbéra lọ sí Lagos láti lọ ta ẹja kí wọ́n lè rówó orí san. Nínú ọjà níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó fi aṣọ borí di Zélie lápá mú, ó ní kó ran òun lọ́wọ́. Amari ni, ọmọ ọba, ó jí ìwé àkájọ àtijọ́ kan gbé nínú ààfin bàbá rẹ̀. Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti ń sá, tí wọ́n sì ń wá bí idán á ṣe padà sórí ilẹ̀.

Ẹ má gbé ìwé atúmọ̀ èdè dání ní apá yìí. Ẹ ó bá ẹranko tí ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí: Zélie àti Tzain ń gun kìnnìún oníwo tó ń jẹ́ Nailah bí ẹni gun ẹṣin. Òǹkọ̀wé ló dá àwọn orúkọ ẹranko náà sílẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹranko gígùn ni, kí ẹ kọjá. Ohun tí mo gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ ka ìwọ̀n orí mẹ́wàá nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá jókòó tì í. Ẹni tó bá ń ka ojú ìwé méjì lónìí, mẹ́ta lọ́la, kò ní rí ibi tí eré yẹn ti gbéra.

Ẹ máa wo orúkọ tó wà lókè orí

Ènìyàn mẹ́ta ló ń sọ ìtàn ìwé àkọ́kọ́: Zélie, Amari, àti Inan tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Amari, àrólé ọba. Oníkálùkù wọn ń sọ ti ara rẹ̀, "èmi" ni wọ́n sì ń pe ara wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró láàárín orí tí ẹ sì padà wá lọ́jọ́ kejì, orúkọ tó wà lókè ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó ka ojú ìwé kan gbáko pẹ̀lú ìrònú pé Zélie ló ń sọ̀rọ̀, ìgbà tó bá pe Saran ní bàbá ló máa tó yé yín.

Inan ni ọ̀pọ̀ ń fò. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọba fi iṣẹ́ lé pé kó lépa Zélie, torí náà èèyàn á kórìíra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, á sì máa ṣí orí tirẹ̀ wéréwéré kó lè padà sọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Orí tirẹ̀ ni ẹ ti máa rí bí ìbẹ̀rù ṣe ń sọ ọmọ ènìyàn di ẹni tó ń ṣe ìkà ní orúkọ ìlú. Saran ti fi gbólóhùn kan lé e lọ́kàn láti kékeré, pé ojúṣe ṣáájú ara ẹni, ó sì ń tún un sọ fún ara rẹ̀ bí ẹni ń ka àdúrà. Ẹ máa fọkàn sí ìgbà tí gbólóhùn yẹn bá jáde. Ìgbà tí nǹkan bá ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń sá wá bá a.

Ẹ má fi ilẹ̀ Nàìjíríà wọn Orïsha

Àwọn orúkọ ìlú ni ibi tí ìbínú ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé yìí, Lagos ni olú ìlú tí ààfin ọba wà. Ìlọrin jẹ́ abúlé apẹja tó léfòó lórí omi. Orí òkè tútù ni Ìbàdàn wà, ibẹ̀ ni Zélie gbé kó tó di pé wọ́n pa ìyá rẹ̀. Inú aṣálẹ̀ ni ìlú tó ń jẹ́ Ibeji. Gombe, Zaria, Warri àti Sokoto wà níbẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí ẹ ò retí. Tẹ́ńpìlì kan sì wà tó ń jẹ́ Chândomblé, ẹni tó bá mọ̀ pé Candomblé ni wọ́n ń pe ẹ̀sìn òrìṣà ní Brazil á mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Kí ẹ tó ka orí kìíní, ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ tó wà níwájú, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí ẹ wá Lagos, Ìlọrin àti Ìbàdàn jáde níbẹ̀. Bí ojú yín bá ti mọ ibi tí wọ́n wà nínú ìwé, ọkàn ò ní máa jà mọ́. Orúkọ lásán ni òǹkọ̀wé yá lò, bí òbí ṣe ń fi orúkọ bàbá àgbà sọ ọmọ tuntun, tí kò sí ẹni tó ń retí pé kí ọmọ náà hu irùngbọ̀n. Ní ti àmì méjì tó wà lórí Orïsha, kì í ṣe àmì ohùn tí a ń lò, ẹ má wá ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn òrìṣà

Ibí ló ti yẹ kí ẹ gbé ohun tí ẹ mọ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹ fi sùúrù gbé e.

Nínú ìtàn yìí, Ìyá Ọ̀run kan ló dá ayé, òun ló sì bí àwọn òrìṣà. Òrìṣà mẹ́wàá ló wà fún ìdílé maji mẹ́wàá. Àwọn kan á bá ohun tí ẹ mọ̀ mu wẹ́kú. Iná ni ti ìdílé Ṣàngó, omi ni ti Yemọja, irin àti ilẹ̀ ni ti Ògún, àwọn aríran sì ni Ọ̀rúnmìlà ń ṣọ́. Babalúayé ló ni ìwòsàn, òun náà ló ni àrùn, bó ṣe wà nílé náà nìyẹn. Wọ́n fún Orí ní ìdílé tó ní agbára lórí ọkàn àti àlá, inú mi sì dùn sí ìyẹn púpọ̀.

Ọya ló máa kọ́kọ́ dá yín dúró. Òun ni òrìṣà ìdílé Zélie, iṣẹ́ ìdílé náà sì ni ikú àti pípe ẹ̀mí àwọn tó ti kú. "Ọya oníjì dà?" lẹ máa béèrè. Wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní afẹ́fẹ́ níbẹ̀, Ayao ni orúkọ rẹ̀. Òǹkọ̀wé kò hùmọ̀ Ayao. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba mọ̀ ọ́n, àbúrò Ọya ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ àwọn orúkọ yòókù pẹ̀lú: Oxosi ni Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, ó jọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Brazil. Ochumare ni Òṣùmàrè, ìyẹn sì jọ ti Cuba. Àwọn òrìṣà inú ìwé yìí ti rékọjá òkun, wọ́n ti gbé òkè òkun fún ọ̀pọ̀ ìran kí ọmọ Nàìjíríà kan tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà tó wá bá wọn níbẹ̀. Èyí tó wà lára wọn tí kò bá ti ilé mu, ìrìn àjò yẹn ló fa òmíràn níbẹ̀, òǹkọ̀wé ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe òmíràn kí ìtàn lè rìn.

Nítorí náà, ẹ má fi ìwé yìí kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Bí ọmọ bá béèrè ẹni tí Ọya jẹ́, ẹ sọ ti ilé fún un, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ti inú ìwé yàtọ̀. Ọmọ tó ń béèrè ti ṣe tán láti gbọ́ méjèèjì.

Ẹ pe ọfọ̀ náà jáde lẹ́nu

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí. Nínú ilẹ̀ Orïsha, Yorùbá ni èdè àwọn maji. Òun ni wọ́n fi ń pe idán jáde. Látìgbà tí ọba ti pa wọ́n ni wọ́n ti fi òfin de èdè náà, ọmọ tó bá sọ ọ́ síta ti fẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Etí Zélie ṣì ń rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́.

Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, tó bá dé ibi tí ọfọ̀ wà, ojú rẹ̀ á fò ó ni. Á rí àmì lókè, àmì nísàlẹ̀, á lọ sí ìlà tó kàn. Ẹ̀yin ẹ dúró. Ẹ kà á sókè, kódà bó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú yàrá. Nígbà tí Zélie bá kọ́kọ́ lo agbára ìdílé rẹ̀, ẹ̀mí àwọn tó ti sùn ló ń ké pè, ó ní kí wọ́n jáde wá. Ẹni tó bá gbọ́ èdè náà ti mọ ohun tó ń bọ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀, ara rẹ̀ á sì ti bù máṣọ kí ilẹ̀ tó mì. Kò sí òǹkàwé ní London tàbí New York tó lè rí ibẹ̀ yẹn bí ẹ ṣe máa rí i.

Gírámà ọfọ̀ kọ̀ọ̀kan lè má dùn létí tó bí ẹ ṣe fẹ́. Ẹ ó rí ibi tí ẹ máa sọ pé bàbá mi ò ní sọ ọ́ báyìí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ bí bàbá yín ṣe máa sọ ọ́, kí ẹ máa bá ìwé lọ.

Mo sì fẹ́ kí àwọn òbí tó ń ka ìwé yìí pẹ̀lú ọmọ wọn dúró díẹ̀ síbi tí wọ́n ti sọ pé ìjọba fòfin de èdè náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n nà nílé ìwé torí pé a sọ Yorùbá. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Wọ́n á mọ̀ pé òǹkọ̀wé náà ò lọ jìnnà kó tó rí ohun tó kọ.

Ibi tí ìwé náà ti le

Ìwé ọ̀dọ́ ni wọ́n pè é, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀. Wọ́n so ìyá Zélie rọ̀ níṣojú ọmọ náà, ó sì ń rántí rẹ̀ léraléra. Wọ́n dá àwọn èèyàn lóró ní ibì kan lápá ìparí, orí yẹn sì wúwo gan-an. Lójú tèmi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sókè ló yẹ kó dá a kà. Bí ọmọ bá kéré sí ìyẹn, tó sì ń yán hànhàn láti kà á, kí àgbàlagbà kan kọ́kọ́ kà á tán, kí wọ́n sì jọ máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìfẹ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sí ohun tó ń dójú tini nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi sí

Lẹ́yìn tí ìtàn ìwé àkọ́kọ́ bá parí, Adeyemi kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan fún òǹkàwé. Ẹ má ṣí i kí ẹ tó débẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ ìdí tó fi kọ ìwé náà: ìròyìn tó ń gbọ́ nígbà gbogbo nípa àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá yìnbọn pa. Ó dárúkọ àwọn ọmọdé. Tamir Rice wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 12 tí wọ́n pa ní Cleveland lọ́dún 2014. Aiyana Stanley-Jones wà níbẹ̀, ọmọ ọdún méje ni lọ́dún 2010 tí ìbọn ọlọ́pàá bá a nínú ilé ní Detroit. Jordan Edwards náà wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 15 tí wọ́n pa ní Texas ní 2017. Ohun tó ń bẹ òǹkàwé ni pé bó bá sunkún fún àwọn ọmọ inú ìtàn, kó sunkún fún àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú.

Bí ẹ bá kọ́kọ́ kà á, gbogbo ẹ̀ṣọ́ tó bá yọ nínú ìtàn á di ọlọ́pàá Amẹ́ríkà lójú yín, Orïsha ò sì ní lè jẹ́ ilẹ̀ tirẹ̀. Bí ẹ bá kà á lẹ́yìn, ẹ ó rántí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wá gba owó orí nínú ahéré Mama Agba. Ẹ ṣí orí kìíní wò lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ yẹn. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Fíìmù ìwé àkọ́kọ́ náà wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Paramount. Gina Prince-Bythewood ni olùdarí rẹ̀, Thuso Mbedu ló ṣe Zélie, Viola Davis ló ṣe Mama Agba. Ẹ ka ìwé ná.

Ìwé kejì

Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ láàárín ìkíní àti ìkejì. Ìwé àkọ́kọ́ parí síbi tí ẹsẹ̀ ti wà lókè, tí kò tíì balẹ̀, ìkejì sì bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán lánàá ni. Bí oṣù bíi mélòó kan bá ti kọjá, ẹ tún orí márùn-ún tó kẹ́yìn nínú àkọ́kọ́ kà kí ẹ tó wọ inú ìkejì.

Ogun abẹ́lé ni ìwé yìí dá lé. Agbára ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni ò rò, àwọn ọ̀rẹ́ tó jọ rin ìrìn àkọ́kọ́ sì ń ṣọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé bínú sí Amari níbí. Èmi náà rò pé ó ṣe àṣejù láwọn ibì kan, ṣùgbọ́n ọmọ tó dàgbà lábẹ́ Saran ni, ìwé náà ò sì gbàgbé ìyẹn. Ọ̀nà tí mo rò pé ó dára láti kà á ni pé, nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ṣe ìpinnu, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹni náà mọ̀ lákòókò yẹn. Ẹ̀yin ti ka orí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ mọ ohun tí oníkálùkù ń fi pa mọ́. Àwọn ò mọ̀. Ibi tí ìbànújẹ́ ìwé náà ti ń wá nìyẹn.

Kí ìwé kẹta ti wà nílé kí ẹ tó ka orí tó kẹ́yìn. Àwọn tó kà á nígbà tó jáde dúró fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìwé kẹta

Òun ló kúrú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló sì ń sáré jù. Ọ̀tá tuntun dé láti ilẹ̀ òkèèrè, ìtàn jáde kúrò ní Orïsha, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá orúkọ tí kò ní Yorùbá nínú rárá. Ẹni tó ti ń gbádùn ọfọ̀ àti ìdílé mẹ́wàá lè rò pé wọ́n gbé òun lọ sí ilé onílé. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà ò lè ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ bí òrìṣà ṣe dé Brazil. Ẹ ka apá yẹn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kódà bí ìwé náà bá ń tì yín pé kí ẹ sáré.

Mo fẹ́ràn ìwé àkọ́kọ́ jù wọ́n lọ, mi ò fi pa mọ́. Ẹni tó bá ka òun nìkan tó sì dúró síbẹ̀ ti rí ohun tó dára jù nínú ọ̀wọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ tún un kà

Orúkọ tó wà lókè orí tún máa ṣiṣẹ́ míì fún yín. Nígbà kejì, ẹ mú ẹnìkan ṣoṣo, kí ẹ sì ka orí tirẹ̀ nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé àkọ́kọ́ dé òpin rẹ̀, kí ẹ fo ti àwọn yòókù. Ó máa ń gba àkókò díẹ̀, ó sì máa ń sọ ìwé kan di mẹ́ta. Bí ẹ bá mú Zélie, ìtàn ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú lẹ máa kà. Bí ẹ bá mú Amari, ìtàn ọmọ tó sá nílé bàbá rẹ̀ ni. Inan ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ sì máa sàmì síbi gbogbo tó bá ti tún ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ sọ.